Orin Mẹ́ta Lẹ́nu George Weah

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa George Weah kì í pẹ́ lórí orin rẹ̀. Wọ́n á sọ ti Ballon d'Or ọdún 1995, èyí tí agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin mìíràn láti Áfíríkà kò tíì gbà láti ìgbà náà. Wọ́n á sọ bó ṣe di ààrẹ Làìbéríà ní 2018. Bí wọ́n bá wá kan orin, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń gbà á kọjá. Lójú tèmi, orin yẹn gan-an ló yẹ ká jókòó tì. Mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú èyí tó lọ́wọ́ sí: àwo *Lively Up Africa* ti 1998, *Ebola Is Real* ti 2014, àti *Let's Stand Together and Fight Coronavirus* ti 2020. Nígbà àkọ́kọ́, agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣàánú ni Weah. Nígbà kejì, olóṣèlú alátakò tó ń wá ìbò ni. Nígbà tí ẹ̀kẹta jáde, òun fúnra rẹ̀ ni ìjọba. Ẹni kan ló kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àga tó jókòó lé ló ń yí padà.

Etí Ìkálẹ̀ ni mo fi gbọ́ wọn, mi ò sì ní tọrọ àforíjì fún un. Lọ́dọ̀ wa ní Òkìtìpupa àti agbègbè rẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ orin àṣíkò dàgbà, irú èyí tí olóògbé Comfort Ọmọge gbé kiri, mọ̀ pé olórin kì í dédé yanu. Yóò dárúkọ èèyàn. Yóò sọ ilé tó ti jáde, ohun tó ṣe, àti ohun tí a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí olórin bá ki ọlọ́lá, ọlọ́lá á tọwọ́ bàpò. Bó bá fi ọ̀rọ̀ gún un lára, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo ọjà á ti gbọ́. Nítorí náà, ohun kan náà ni mo bi orin Weah kọ̀ọ̀kan: ta lò ń bá wí, kí lo sì fẹ́ kí ẹni náà ṣe?

Ti 1998 kò ṣòro dáhùn. Àwo CD ni. Weah kó agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà mẹ́jọ mọ́ra, akọrin Frisbie Omo Isibor sì wà pẹ̀lú wọn. Owó tó bá wọlé, wọ́n ní ó di ti àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ti wá. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà ni UNICEF ti fi Weah ṣe aṣojú wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, 1997, ni ogun abẹ́lé àkọ́kọ́ ní Làìbéríà parí lẹ́yìn bí ọdún mẹ́jọ, tí wọ́n sì dìbò fún Charles Taylor. Ta wá ni àwo yìí ń bá wí? Ẹni tó lówó CD lápò tó sì ní ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ọ ni. Ọmọ Clara Town, àdúgbò tálákà tí ìyá àgbà Weah ti tọ́ ọ dàgbà ní Monrovia, kò sí lára àwọn tí orin náà ń bá sọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n ń torí rẹ̀ kọ ọ́.

Gẹ́gẹ́ bí orin, mi ò rò pé ó wúwo. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án kò lè di akọrin mẹ́sàn-án nítorí pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà níwájú wọn; orúkọ ẹ̀yìn páálí náà ni èèyàn ń rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń torí ìyẹn bú u kò ṣe òdodo, nítorí pé nígbà náà orúkọ ni ohun tí Weah ní, ó sì fi í sílẹ̀. Kò sí ní ipò kankan tí ẹnikẹ́ni fi lè bi í léèrè omi tàbí ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn orin náà. Ní 1994 ó dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Junior Professionals sílẹ̀ ní Monrovia fún àwọn ọ̀dọ́, ohun tí wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé ni pé kó máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní 1996, nígbà tí Làìbéríà kọ́kọ́ dé ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, ní South Africa, àpò Weah ni púpọ̀ nínú ìnáwó ẹgbẹ́ Lone Star ti jáde. Lọ́dún yẹn kan náà ó sọ fún ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà pé kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá gba Làìbéríà sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn jagunjagun fi dáná sun ilé rẹ̀ ní Monrovia.

Àwa ọmọ Nàìjíríà náà ní ẹ̀rí tiwa nípa àpò yẹn. Nínú ìdíje àtidé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002, àmì ẹyọ kan péré ni Super Eagles fi ṣíwájú Làìbéríà nínú ìsọ̀rí wọn. Weah ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, òun ló ń kọ́ wọn, òun náà ló ń náwó sí wọn. Mo mọ àwọn tó gbàdúrà kí ọkùnrin yìí ṣẹsẹ̀ rọ́ lọ́dún yẹn, wọn kì í sì í ṣe èèyàn búburú.

Kí orin kejì tó dé, ó ti wọ òṣèlú. Nínú ìdìbò ààrẹ 2005 ó gba ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní ìpele àkọ́kọ́, òun ló sì ṣíwájú gbogbo wọn. Ní ìpele kejì, Ellen Johnson Sirleaf fi ìdá 59 sí 40 borí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ta á lẹ́nu ni pé kò kàwé, bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀rí tó kọ́kọ́ gbé jáde kò ní láárí. Ó lọ jókòó ní kíláàsì ní DeVry University ní Amẹ́ríkà títí ó fi gboyè ní 2011. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí a ti ń fi iye ọ̀jọ̀gbọ́n ìlú ẹni yangàn, tí Olúṣẹ́gun Àgágù ti Ìjú-Odò gbéra láti ìdí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní Yunifásítì Ìbàdàn tó fi di gómìnà Oǹdó ní 2003, ẹ̀gàn yẹn ì bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wá ni ti àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwa? Nwankwo Kanu dá àjọ tó ń tọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní 2000, ó sì dúró síbẹ̀. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó gbá góólù méjì sáwọ̀n Algeria ní àṣekágbá 1980 l'Ékòó, dá ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ ní Wasinmi, ó sì gbìyànjú àtiṣe gómìnà Ògùn nínú ìdìbò 2019 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Labour. Kò wọlé. Láàárín ìkíni níbi ìkórajọ àti ìbò nínú àpótí, ọ̀nà jìn níbí ju bó ṣe rí ní Monrovia lọ.

*Ebola Is Real* ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí pé òun ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ni ohùn rẹ̀ dùn jù. Weah àti Sidney, olórin hiplife ọmọ Gánà, ni wọ́n jọ kọ ọ́ ní 2014. Ẹ wo àkọlé rẹ̀. Kò sọ pé ẹ jẹ́ ká ṣẹ́gun, kò sọ pé ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Ó ní àrùn náà wà. Ẹni tí kò bá rántí bí ọdún yẹn ṣe rí lè rò pé ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn. Ní Monrovia nígbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé irọ́ ni Ebola, pé ìjọba Sirleaf ló gbé e kalẹ̀ kó lè rówó gbà lọ́wọ́ òyìnbó. Wọ́n ń fi òkú pamọ́, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń sin ín lóru. Ní oṣù Kẹjọ, ìjọba fi ológun dí àdúgbò West Point pa. Ìbọn dún, ọmọdékùnrin kan sì kú. Kí àrùn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti pa ènìyàn tó lé ní 4,800 ní Làìbéríà nìkan.

A mọ irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje 2014 ni Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Kò pé oṣù kan tí ìròyìn kan fi tàn lóru ọjọ́ kan pé omi iyọ̀ ni oògùn rẹ̀, tí ìdílé ń jí ìdílé láti wẹ̀ ẹ́ àti láti mu ún, àwọn kan sì bá iyọ̀ náà lọ nígbà tí Ebola kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Ní oṣù Kẹrin 2015, ó kan ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gan-an. Ní Òde-Ìrèlè, ẹ̀fọ́rí, ojú tó ń ṣú, lẹ́yìn náà ikú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti pa bíi 18. Àwọn kan ní Ebola ni. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú nítorí ojúbọ tí àwọn ọ̀dọ́ kan bà jẹ́. Àyẹ̀wò ló wá fi hàn pé kì í ṣe Ebola. Májèlé methanol ni, ògógóró ni wọ́n sì fura sí pé ó ti wọlé. Nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó tọ́ nìkan kò tó. Ẹni tó bá máa sọ ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ará ìlú kò fura sí.

Weah kọ́ ló nìkan kọrin Ebola, orin tirẹ̀ kọ́ ló sì já fáfá jù. Àwọn ọ̀dọ́ Monrovia, Shadow àti D-12 pẹ̀lú Kuzzy, ti gbé *Ebola in Town* jáde ṣáájú, orin ijó tí àwọn oníjó rẹ̀ kì í fọwọ́ kan ara wọn. Ìkìlọ̀ náà wà nínú ijó fúnra rẹ̀. Kí ọdún tó parí, Tiken Jah Fakoly, Salif Keïta, Oumou Sangaré, Amadou àti Mariam àti àwọn mìíràn kó ara wọn jọ sínú *Africa Stop Ebola*, tí wọ́n fi èdè Faransé àti èdè àwọn ará abúlé kọ kó lè dé etí ẹni tí kò lọ sílé ìwé. Weah àti Sidney kò ní ijó bíi ti àkọ́kọ́, wọn kò ní èdè tó pọ̀ bíi ti ìkejì. Lílù rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́ ní rédíò.

Ohun tí àwọn yòókù kò ní tí Weah ní ni pé àwọn tó ń pe àrùn náà ní irọ́ ìjọba, àwọn aráa tirẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ Clara Town àti West Point ló ń tẹ̀ lé e láti 2005. Òun sì ni olórí alátakò. Ká ní ó dákẹ́, ìfura wọn sí Sirleaf ì bá sọ ìbò di tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣe wàhálà kankan. Ó yàn láti sọ fún wọn pé lórí èyí, òótọ́ ni ìjọba ń sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e lékè: orin olóṣèlú tó lòdì sí ohun tó lè mú èrè òṣèlú wá fún un ṣọ̀wọ́n, ní Làìbéríà tàbí níbí. Mo mọ ohun tí ẹni tó bá fẹ́ já mi ní koro yóò sọ. Ìdìbò sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, tí Ebola ti sún síwájú, wáyé ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Weah sì fi ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún gba ìjókòó Montserrado, ó borí Robert Sirleaf, ọmọ ààrẹ. Orin náà mú kí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ń ṣe rere tó sì ń wá ìbò kò lè fi odi sáàárín méjèèjì, mi ò sì rò pé ó pọn dandan kó fi í.

Làìbéríà kéde aláàárẹ̀ kòrónà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 2020. Kí oṣù náà tó parí, ààrẹ ti gbé orin jáde. Ní ti ohùn, èyí ló dùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó gùn tó bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin ìhìnrere tí wọ́n ń pè ní The Rabbis ló ń gbè é, wọ́n sì mọ ègbè í gbè: wọ́n ń gbé e dìde níbi tí ohùn Weah ti fẹ́ rẹlẹ̀, nítorí pé ohùn rẹ̀ kì í ga. Ó ṣàlàyé bí àrùn náà ṣe ń ran ènìyàn, ó ní kí a máa fọwọ́. UNESCO gbà á wọlé sínú ìpolongo tí wọ́n fi ń gbógun ti ìròyìn òfegè nípa kòrónà ní Áfíríkà. Ayé gbọ́ ọ ju méjì ìṣáájú lọ.

Síbẹ̀, bi í léèrè ẹni tó ń bá wí, ìdáhùn rẹ̀ kò bá mi lára mu. Ará ìlú ló ń bá wí, ará ìlú nìkan. Gbogbo ẹrù tó wà nínú orin náà, èjìká wọn ló gbé e lé: kí wọ́n fọwọ́, kí wọ́n ṣọ́ra, kí wọ́n dúró pọ̀. Ní 1998 àti 2014 ìyẹn bójú mu, nítorí pé olórin kò ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra lọ́wọ́. Ní 2020, òun ló ní in. Ẹni tó ń pọn omi láti inú kànga ní Clara Town lè gba ìmọ̀ràn ọwọ́ fífọ̀ lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù, kó sì dúpẹ́. Lọ́wọ́ ààrẹ, ẹ̀rọ omi ló yẹ kó máa béèrè. Lọ́sẹ̀ kan náà, ní Ùgáńdà, Bobi Wine àti Nubian Li gbé orin kòrónà tiwọn jáde. Iṣẹ́ kan náà ni orin wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n aṣòfin lẹ́gbẹ̀ẹ́ alátakò ni Bobi Wine nígbà náà, Museveni ló wà lórí àga. Kò sí ohun tó lè fún ni ju ìkìlọ̀ lọ. Orin méjèèjì jọra débi pé etí lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wọn jẹ gbèsè tí èkejì kò jẹ.

Gbèsè náà kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí kòrónà dé. Weah gorí àga ní ọjọ́ 22 oṣù Kíní 2018, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1944 tí ààrẹ kan tí wọ́n dìbò yàn máa gbé ìjọba fún òmíràn ní Làìbéríà. Ó gé ìdámẹ́rin owó oṣù rẹ̀ kúrò. Lọ́dún yẹn náà ó kéde pé owó ilé ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba. Wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn ológun kan, orúkọ rẹ̀ ni 14 Military Hospital, nọ́ńbà ẹ̀wù bọ́ọ̀lù ààrẹ náà sì ni 14. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ní ẹni ọdún 51, ó wọ ẹ̀wù ọ̀hún láti bá Nàìjíríà gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ní Monrovia, ó sì lò ju wákàtí kan lọ lórí pápá kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Nàìjíríà gbá 2, wọ́n gbá 1. Mo gbádùn rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n owó Làìbéríà ń já wálẹ̀ lọ́dún yẹn, ìjọba fi mílíọ̀nù 25 dọ́là Amẹ́ríkà ra owó ìlú kúrò lọ́jà, àlàyé bí wọ́n ṣe ná an kò sì tẹ́ ìlú lọ́rùn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 2019, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jáde sí ìgboro Monrovia. Ohùn tó lágbára ju ti ìjọba lọ ní 2014 ti di ohùn ìjọba. Nígbà tí ohùn yẹn kọrin kòrónà, àwọn tó ń gbọ́ ti ní ẹjọ́ lára rẹ̀. Nígbà tí ìrànwọ́ oúnjẹ tí ìjọba ṣèlérí sì ń falẹ̀, ègbè dídùn kò bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní mo le jù. Wọ́n á ní ààrẹ mélòó ló tilẹ̀ rántí pé àwọn tí kò lè kàwé wà nílùú, pé orin dé ibi tí ìkéde tí wọ́n kà láti orí ìwé kò lè dé. Òótọ́ ni, mo sì gbà á tọkàntọkàn: ìkéde kòrónà tí a gbọ́ nílẹ̀ wa lọ́dún yẹn gbẹ bí èèpo igi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹsẹ kan ló kù nínú orin náà, ẹsẹ tí ààrẹ nìkan ló lè kọ ọ́.

Ní oṣù Kọkànlá 2023 ó bá Joseph Boakai díje fún ipò ààrẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gba ìdá 49.36 nínú ọgọ́rùn-ún sí 50.64. Kí wọ́n tó kéde àbájáde ìkẹyìn, ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ó bọ́ sórí rédíò, ó ní òun ti kí Boakai kú oríire. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2014, ó tún ń bá àwọn aráa tirẹ̀ sọ ohun tí wọn kò fẹ́ gbọ́, lọ́tẹ̀ yìí láìsí elégbè. Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Weah mọ̀ ọ́n ṣe jù, ọ̀rọ̀ rédíò yẹn àti *Ebola Is Real* ni kó gbọ́ tẹ̀ léra. Ti 1998, kó fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó àwo jọ.

Orin kẹta nìkan ni mo ṣì fẹ́ kí ẹnì kan tún ṣe. Bí wọ́n bá gbé e fún olórin àṣíkò kan ní Òkìtìpupa, kò ní fọwọ́ kan ìlù rẹ̀, kò ní yọ ọwọ́ fífọ̀ kúrò. Yóò kàn dárúkọ ààrẹ, á dárúkọ mínísítà, á bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí ìrẹsì máa dé àti ibi tí omi ọwọ́ fífọ̀ yóò ti yọ, á sì ní kí elégbè gbè é títí wọn yóò fi dáhùn.